Ẹ má gbọ́kàn lé omi ọ̀sán

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe projẹ́ẹ̀tì lórí omi, okun o! Ẹ wá gbọ́ nǹkan tójú mi rí ní Kàbbà, nílẹ̀ Okun ní Kogí.

Pọ́ǹdù bàbá kan ni mo lò, ẹpìyà àti àrọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Bàbá ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, wọ́n sì ń fi ajílẹ̀ NPK (náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọtáṣíọ̀mù) sí oko àgbàdo tó wà lókè ẹ̀, tójò bá ti rọ̀ báyìí gbogbo ẹ̀ a ṣàn wọlé, algae, ìyẹn ewéko wínníwínní inú omi, wá bolẹ̀, omi rí bí ọbẹ̀ ewédú. Èmi ọ̀lẹ, aago méjì ọ̀sán ni mo máa ń gun ọ̀kadà débẹ̀, màá ti mítà tó ń wọn ọ́síjìn bọ omi, ọ́síjìn a ga gan-an, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi yìí dáa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá pè mí ní ìdájí: "Ọmọ yunifásítì, wá wo ẹja o." Ẹpìyà ti léfòó, àrọ̀ ló kù torí òun lè yọrí síta kó mí.

Ṣé ẹ rí i, algae ń ṣe ọ́síjìn tóòrùn bá ń ràn, àmọ́ lóru òun náà ń mí, ó ń fa ọ́síjìn omi, tó bá tún kú, bakitéríà tó ń jẹ ẹ́ a fa ìyókù. Ìdájí ló máa ń kéré jù, ìgbà témi ń sùn.

Tòkun náà ò yàtọ̀ púpọ̀. Odò Mississippi ní Amẹ́ríkà ń gbé náítírójìn oko lọ sí Gulf of Mexico, algae a pọ̀, a kú, a rì sísàlẹ̀, bakitéríà a jẹ ẹ́, omi odò a tún léfòó sórí omi iyọ̀, ọ́síjìn ò ní ríbi gbà dé ìsàlẹ̀. Lọ́dún 2017, ibi tí ọ́síjìn ìsàlẹ̀ ò tó miligíráàmù 2 nínú lítà kan fẹ̀ tó nǹkan bí 22,700 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹni tó bá wọn ojú omi nìkan níbẹ̀, èmi àtẹ̀ ò jura wa lọ. Àwa Okun tá ò ní òkun náà ò yọ sílẹ̀, omi wa ń wọ odò Ọya, Ọya ń wọ òkun.

Mo tún da ohun tí ìwé sọ nípa òkun kọ fún pọ́ǹdù, pé náítírójìn ni kókó, supafáísọ̀ fi bírò pupa fà á. Létíkun, náítírójìn ni oúnjẹ tó sábà máa ń wọ́n fún algae, nínú omi adágún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni. Ní Kánádà lọ́dún 1973 wọ́n fi kọ́tìnì pín adágún kan, Lake 226, sí méjì, apá méjèèjì gba kábọ̀n àti náítírójìn, ọ̀kan ṣoṣo gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ìyẹn ló sì di ewé yọ̀yọ̀.

Mo ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ o, aago márùn-ún ìdájí, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, súwẹ́tà lọ́rùn, títí ọyẹ́ fi dé. Bàbá ṣì ń pè mí ní Ẹpìyà.