Òṣùmàrè tèmi

Òjò dá nírọ̀lẹ́ àná, mo jáde lọ ká aṣọ tí mo gbàgbé sórí okùn, àfi òṣùmàrè! Mo yanu sílẹ̀. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín: "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ìmọ́lẹ̀ lásán ni?"

Ìmọ́lẹ̀ náà ni. Ó wọ inú ẹ̀kán omi, ó tẹ̀, ó ta padà lára ògiri ẹ̀yìn, ó tún tẹ̀ bó ṣe ń jáde. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní igun tó fi ń yà kúrò lójú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé; nǹkan bí dígírì 42 ni ti pupa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán tó ń rán pupa sójú mi kọ́ ló ń rán an sójú tirẹ̀. A jọ dúró ni, òṣùmàrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń wò! (Aṣọ ṣì wà lórí okùn o.)

Mo ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́, ó rọra tì mí: "Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n wo tiyín."