Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Mi: Owó Èsúsú Tí Ọlọ́run Fi Gbà Mí Lọ́wọ́ Ikú ní Gáḿbíà

Ẹ bá mi yin Olúwa. Mo ti jẹ́ ẹ̀rí yìí lẹ́ẹ̀kan rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lọ́dún tí mo padà dé, àmọ́ ẹ̀rí ọjọ́ náà kò pé. Ejò ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìjọ pariwo "Jésù!", mo jó, mo fi ọrẹ sílẹ̀, mo jókòó. N kò mẹ́nu kan àwọn tí Ọlọ́run rán sí mi. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà, torí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo fẹ́ jẹ́ ẹ̀rí náà tán lónìí.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Technical Aid Corps ni mo bá lọ sí Gáḿbíà, ètò tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, láti máa rán dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ lọ ran àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́ fún ọdún méjì. Abúlé àwọn Mandinka kan ni iṣẹ́ mi bọ́ sí, ní ìhà àríwá odò Gáḿbíà, tí ìlú Basse wà ní òdìkejì omi. Láti Banjul dé ibẹ̀ lé ní 300 kìlómítà.

Ìyá kan ló gbà mí sílé. Ó sọ mí ní Fatou, ó sì kọ́ mi ní kíkí kí n tó mọ ohunkóhun. "Sumoolu lee?" Àwọn ará ilé ńkọ́? Kí èèyàn sì dáhùn pé, "I be jee," wọ́n wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni mí, ta ní máa fi kíkí dẹ́rù bà mí? Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni ọjọ́ tí mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń dá owó lábẹ́ igi, tí wọ́n ń pè é ní osusu. Èsúsú! Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi l'Óṣogbo! Àwọn kan wà ní Banjul tí wọ́n ń pè ní Aku, ọmọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú láyé àtijọ́, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. "Ẹ kú" tiwa yìí ló di orúkọ wọn. Mo gbà pé ọwọ́ wọn ni èsúsú gbà dé abúlé yẹn. Obìnrin 30 ni wọ́n, 100 dálásì, owó ilẹ̀ Gáḿbíà, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń dá lọ́sẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án 2017 ni, òjò ń rọ̀ gan-an. Mo jáde lálẹ́, tọ́ọ̀ṣì mi ti ń kú lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì igi ìdáná, nǹkan gún mi lọ́rùn ẹsẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi iná jó mi. Àwọn àgbà ilé wa kì í pe orúkọ rẹ̀ lóru, okùn ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò gùn tó apá mi, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi yanrìn.

Ẹnì kan ti mú abẹ jáde, òmíràn ń wá okùn tí yóò fi so ẹsẹ̀ mi. Òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e, wọn kò sì gbọdọ̀ so ó pa. Ó fi pákó ti ẹsẹ̀ náà, ó fi aṣọ dì í kó má baà mira, ó ní ilé ìwòsàn ló kù. Títí dòní ni mò ń gbàdúrà fún ọkùnrin yẹn.

Kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n fi wọ́ mi la ẹrẹ̀ dé etí odò. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò sọdá ti ṣíwọ́ láti ìrọ̀lẹ́. Afárá wà níbẹ̀ báyìí, 2021 ni wọ́n ṣí i, àmọ́ omi nìkan ló wà nígbà tèmi. Atukọ̀ kan ní òun kì í wọ odò lóru nítorí erinmi. Nígbà tí wọ́n tan iná sí mi lójú, kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó mú àjẹ̀ rẹ̀.

Lórí omi yẹn, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde ní èrìgì mi. Oorun kan ń gbé mi lọ, oorun dídùn tí mo mọ̀ pé kì í ṣe oorun rere. Ìyá gbé orí mi lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. "Fatou, sumoolu lee?" Bí n kò bá dáhùn, yóò gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́. "I be jee." Ìyá rẹ ńkọ́? "A be jee." Bàbá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ó bèèrè gbogbo ilé wa lọ́wọ́ mi títí a fi gúnlẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ mi sínú ìgò kékeré kan, ó gbé e kalẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Nígbà tó dẹ ìgò náà, ẹ̀jẹ̀ ṣàn bí omi, kò dì rárá. Oró ti wọ inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò kò sí nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ló ní in, owó ọwọ́ mi kò sì tó. Ìyá tú etí ìró rẹ̀. 3,000 dálásì ló wà níbẹ̀. Òun ni èsúsú kàn lọ́sẹ̀ yẹn, páànù ló sì fẹ́ fi rà, torí yàrá rẹ̀ ń jò. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó kà á sọ́wọ́ olóògùn.

Wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì tún fa ẹ̀jẹ̀. Ó dojú ìgò kọlẹ̀ níwájú mi. Ẹ̀jẹ̀ náà dúró, ó dì mọ́ ìdí ìgò bí ẹ̀kọ tútù. Ìyá ní, "Alhamdulillahi." Ẹkún ni èmi ń sun.

Ọjọ́ kẹjọ ni mo padà sílé. Lóru ọjọ́ náà, mo ń gbọ́ òjò tó ń kán sínú abọ́ ní yàrá ìyá: tó, tó, tó. N kò lè sùn. Nígbà tí owó mi dé, mo gbé 3,000 dálásì lọ bá a, kò gbà á. Ó fà mí lọ sábẹ́ igi, ó ní kí n fi sínú àpótí, kí wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀. Bí mo ṣe di ẹni 31 nìyẹn. Ọjọ́ tó kàn mí, páànù ni mo fi rà.

Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ fún òṣìṣẹ́ ìlera, fún atukọ̀, fún nọ́ọ̀sì, fún 30 obìnrin. Ìyá mi, abaraka baake, ẹ ṣeun gan-an.

Ó pè mí ní Jímọ̀ tó kọjá. "Fatou, sumoolu lee?" Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá mi, mo kà á títí dé orí ọmọbìnrin mi tí n kò tíì bí lọ́dún yẹn. I be jee, ìyá. Gbogbo wọn wà níbẹ̀.