Lónìí, ìjà náà di ìjà

Olùkọ́ káràtè wa ní kí a pa ẹ̀ṣẹ́ inú afẹ́fẹ́ tì lónìí. A wọ ìbọ̀wọ́, a bo eyín, ó sì sọ fún ẹnì kejì mi pé kó má gbà fún mi rárá.

Ọmọ náà dì mọ́ mi nídìí, ó dá mi, ó fi gbogbo ara tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Òógùn rẹ̀ ń kán sí mi lójú. Mímí gan-an di ogun!

Ohun tí Royce Gracie, oníjà ará Brazil, fi han ayé níbi ìdíje ìjà UFC àkọ́kọ́ ní Denver, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1993 nìyẹn, nígbà tó fún oníjà kan, Ken Shamrock, tó tóbi jù ú lọ, lọ́rùn títí ó fi juwọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn pé irú ìjà yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ káràtè, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí níbi tiyín náà?