Ẹ̀yin Àbúrò Ọdẹ, Ẹ Wọn Ẹrù Yín Kí Ẹ Tó Ra Pẹ́pẹ́yẹ Onírọ́bà

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń bi mí pé irú pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà wo, ìyẹn ère tí ọdẹ ń tò sójú omi kí pẹ́pẹ́yẹ gidi lè rí i kó sì wá bà sí tòsí, ni kí ẹ rà fún ọdẹ omi ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi yín padà: ṣé ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé ibi tí ẹ ó ti dọdẹ ni, àbí ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé yín? Ẹni tó ní ọkọ̀ lè kó ohun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní ọkọ̀. Ilẹ̀ ìjọba lẹ ń lọ, ẹ ó sì la irà kọjá nínú òkùnkùn kí ilẹ̀ tó mọ́, tẹ̀yin ti ìbọn, ọta, omi mímu, aṣọ òtútù àti ṣòkòtò rọ́bà tó ga dé àyà. Àyè tí gbogbo ìyẹn bá ṣẹ́ kù sí èjìká yín ni kí ẹ fi yan pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ọdẹ ló ń wá èyí tó fúyẹ́. Ní ọdún 1924, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ère pẹ́pẹ́yẹ mọ́kànlá nínú ihò àpáta Lovelock ní Nevada. Koríko etí omi ni àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ fi ṣe é ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, wọ́n kun òmíràn ní ọ̀dà, wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ sí òmíràn lára. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, ní Susquehanna Flats, omi fífẹ̀ tó wà lẹ́bàá ìlú Havre de Grace, igi ni àwọn àgbà ọdẹ ń gbẹ́, ó sì wúwo. Ọkọ̀ ló ń bá wọn gbé e, ojú omi gbalasa tí ìgbì ti ń jà ni wọ́n sì ń tò ó sí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ yí i dojú dé kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ohun gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kó dojú dé lórí omi. Irú kan wà tí wọ́n ti ki iyanrìn tàbí irin sínú rẹ̀. Ẹ lè jù ú láti òkèèrè, yóò fúnra rẹ̀ yí padà, yóò sì jókòó dáadáa. Irú kejì ṣófo, ihò wà lára rẹ̀ kí omi lè wọ inú rẹ̀. Nínú àpò, kò wúwo rárá, àfi ìgbà tó bá dé odò ni omi á wá fún un ní ìwúwo tó nílò. Ọwọ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ fi gbé e kalẹ̀, nítorí bí ẹ bá jù ú, ó lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú omi tó mọ ní orúnkún ti wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí kò ní fọwọ́ gbé wọn kalẹ̀? Irú kejì yìí ni mo fọwọ́ sí fún yín. Èyí tí wọ́n ki fóòmù sínú rẹ̀ kì í rì bí ọta bá bà á, ṣùgbọ́n ẹrù ọlọ́kọ̀ ni. Èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí máa ń ká wọ àpò kékeré, ó dára lójú, ṣùgbọ́n hóró ọta kan ṣoṣo ti tó láti bà á jẹ́.

Okùn àti ìdákọ̀ró tó ń di pẹ́pẹ́yẹ kọ̀ọ̀kan mú sójú kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ ẹrù. Bí ìdákọ̀ró kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ oúnsì 4, pẹ́pẹ́yẹ 12 ti fi pọ́ùn 3 lé yín lọ́rùn kí a tó ka pẹ́pẹ́yẹ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọdẹ, okùn á ti mu omi, ẹrẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú adágún kékeré tí kò jìn, tí igbó sì dí atẹ́gùn rẹ̀, ìdajì ìwọ̀n yẹn tó. Ṣùgbọ́n ní irà Dorchester County, tí omi òkun ti ń kún tó sì ń fà, ẹ má ṣe dín ìdákọ̀ró kù, ẹ má sì gé okùn kúrú. Omi tó mọ ní orúnkún ní ìdájí lè kún kí ẹ tó jẹun àárọ̀ tán. Okùn tó kúrú á fa ìdákọ̀ró kúrò nílẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ yín á sì bá omi lọ. Ibi tí ẹ ti lè dín ẹrù kù níbẹ̀ ni iye pẹ́pẹ́yẹ.

Ìgbì kéékèèké lójú omi ni pẹ́pẹ́yẹ gidi máa ń rí láti òkè. Pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà mẹ́fà tó ń mira sàn ju mẹ́rìnlélógún tó dúró gbagidi lọ, pàápàá ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ẹ so okùn tínrín mọ́ igi tó wà ní ìsàlẹ̀ omi, ẹ fi rọ́bà tó ń fà sí ìdí rẹ̀, ẹ so pẹ́pẹ́yẹ méjì tàbí mẹ́ta mọ́ ọn, kí ẹ sì máa fà á láti ibi tí ẹ ba sí. Kò ní ìwọ̀n kan tó ṣe é kà. Èyí tó ń fi bátìrì yí apá máa ń mú ẹyẹ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun àti òpó irin rẹ̀ wúwo, àwọn ìpínlẹ̀ kan bíi Washington kò sì fàyè gbà á.

Àtò tún ṣe pàtàkì ju iye lọ. Láti ọdún 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fòpin sí ọta òjé fún ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ. Irin ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wa ń lò báyìí, irin sì fúyẹ́ ju òjé lọ, agbára rẹ̀ máa ń tètè tán lọ́nà. Ó di dandan kí ẹyẹ sún mọ́ yín dáadáa, kí ó má baà gbọgbẹ́ lọ kú sínú igbó. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín, torí pé ẹyẹ máa ń kọjú sí atẹ́gùn bó bá fẹ́ bà. Ẹ pín pẹ́pẹ́yẹ sí ọ̀nà méjì, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín, kí èyí tó jìnnà jù má sì kọjá yáàdì 30, kó lè jẹ́ ààlà ìbọn yín.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nípa ẹrù wíwúwo ni omi tútù. Bí ẹ bá ti fẹ́ wọ omi, ẹ tú okùn àpò tó so mọ́ àyà yín, kí ẹ lè bọ́ ọ dànù kíá bí ẹsẹ̀ bá rì. Ẹ mú ọ̀pá dání. Ẹ ra àpò aláwọ̀n, kí omi lè jò kúrò nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó sọ risíìtì nù, ẹ so okùn àti ìdákọ̀ró mọ́ gbogbo wọn nílé, ẹ kó wọn sínú àpò, ẹ wọ ṣòkòtò rọ́bà, ẹ gbé ẹrù kọ́ èjìká, kí ẹ sì rin máìlì kan. Bí ẹ bá sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, ẹ dá ìdajì padà fún ọlọ́jà.