Ọ̀rá Kathmandu lára ìbọn Snider mi

Sátidé

Àpótí ìbọn Snider mi, ìbọn ológun Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wà ní Kathmandu, olú ìlú Nepal, dé láàárọ̀, ó gùn débi pé mo dá a dùbúlẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà gáréèjì wọlé. Bí mo ṣe tú u báyìí ni òórùn kan gba gbogbo ibẹ̀, bí àbẹ́là àtijọ́, bí ọ̀rá ẹran tó ti pẹ́ nínú ìkòkò. Láti ẹnu dé ìdí, ọ̀rá dúdú tó ti gan bí ọ̀dà ló bo ìbọn náà. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, "Owó lẹ fi ra èyí?"

Owó ni. Kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè, England ni mo wà, òfin ibí sì gbà kí èèyàn ní irú rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ: wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe é ṣáájú oṣù Kẹsàn-án 1939, irú ọta rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ìjọba kà sí ti àtijọ́, kí ẹni náà sì fi í ṣe ohun ìran lásán. Ọjọ́ tó bá ní òun fẹ́ yìn ín, ìwé àṣẹ di dandan. Èmi ò ní yìn ín.

Mo ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu rẹ̀ láti wò ó bóyá nǹkan wà nínú. Igi náà dúró kó tó dé ìdí, ó kù bí ìka mẹ́rin. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ náà ti gan pa. Ìbọn téèyàn ò bá tíì rí inú rẹ̀, ẹ ṣáà gbà pé ọta wà níbẹ̀. Mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri, mo ní kí àwọn ọmọ má wọ gáréèjì mọ́.

Sọ́ńdè

Igi ìdí ìbọn nìkan ni mo fọwọ́ kàn lónìí. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru yọ́ ọ̀rá yìí, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé iná sún mọ́ ohun tí kò tíì dá lójú? Kẹrosíìnì, àkísà, àti igi tí wọ́n fi ń gún sùúyà ni mo lò. Ẹ má fi irin ha á, ẹ má sì fi sáńpépà kàn án.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ni adé yọjú lára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, TOWER, àmì ìbọn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wà níbẹ̀, 1861 sì wà níbẹ̀. Mo pariwo. Ọdún 1866 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gba ọgbọ́n Jacob Snider, ará Amẹ́ríkà, wọlé. Ọdún yẹn náà ni Snider kú. Ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rọ ìbọn yìí, Enfield irú ti 1853 ni, ẹnu ni wọ́n ti ń ki í bíi ṣakabùlà: ẹ̀tù, ọta, kí wọ́n tó fi ọ̀pá gún un wọlẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gé ìdí rẹ̀, wọ́n fi ìlẹ̀kùn irin sí i, ó di ohun tí à ń ki láti ẹ̀yìn.

Lára idẹ ìdí rẹ̀, lẹ́tà Nepal wà tí mi ò lè kà. Àwọn olùkójọ ìbọn máa ń pe ọ̀rá yìí ní ọ̀rá yáàkì, ìyẹn màlúù onírun gígùn. Mi ò mọ̀ nípa yáàkì, àmọ́ ọ̀rá àti Enfield ti jọ dá wàhálà sílẹ̀ rí. Ní Íńdíà lọ́dún 1857, ìròyìn tàn pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi pa ìwé tó wé ẹ̀tù Enfield, bẹ́ẹ̀ eyín ni àwọn ọmọ ogun fi ń ya á. Híńdù bínú, Mùsùlùmí bínú, ogun dé. Jang Bahadur, olórí ìjọba Nepal, gbè sẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì, ó kó ọmọ ogun lọ sí ìlú Lucknow ní Íńdíà. Ìbọn Gẹ̀ẹ́sì padà wá kún Kathmandu, wọ́n fi ọ̀rá kùn wọ́n, wọ́n tò wọ́n sí ààfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Lagan Silekhana. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà fi rà wọ́n ní nǹkan bí ọdún 2003. Ọ̀rá burúkú tí mo ń bú yìí ni kò jẹ́ kí ìpẹtà jẹ ẹ́.

Wẹ́sìdè

Màmá mi rí fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé Kírìjì lo fẹ́ lọ jà ni?"

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ò purọ́." Iléṣà ni wọ́n bí wọn, wọ́n mọ ìtàn náà jù mí lọ. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò tú tán títí di 1893, ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Snider wà lára ìbọn tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó fi ránṣẹ́ sílé sí Èkìtìparapọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ Ìbàdàn ṣì ń ki ṣakabùlà láti ẹnu. Kí ẹnì kan tó ki tiẹ̀ tán, onísnider ti yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí tí mo fi ra ti Nepal nìyí: kò sí ti Kírìjì lọ́jà.

Sátidé kejì

Ó ṣí! Epo ti ń wọ ìdè rẹ̀ láti Tọ́sìdè. Mo gbé òòlù rẹ̀ sókè, mo fi àtàńpàkò ti ìlẹ̀kùn náà láti apá òsì, ó dún kẹ̀kẹ̀, ó ṣí sí apá ọ̀tún. Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀, mi ò ní parọ́.

Kò sọ́ta níbẹ̀. Aṣọ ni. Ẹnì kan ní Kathmandu ló ki àkísà bọ ọ̀pá ìbọn, ọ̀rá sì sọ ọ́ di òkúta. Mo fi igi tì í láti ẹnu, kò mira. Mo da kẹrosíìnì sí i lórí, mo gbé ìbọn ti igun gáréèjì, mo fi abọ́ àtijọ́ kan sábẹ́ rẹ̀. Títí di alẹ́ òní, ẹ̀kán kan péré ló ti jò bọ́ sínú abọ́ náà, ó dúdú bí kọfí.