Ojú Kọ́ Ló Ń Kọ́kọ́ Dé

Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀.

Mo ti Ìlá Ọ̀ràngún dé lọ́sàn-án òní. Ìjókòó inú ọkọ̀ ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi wú, iná kò sí, fìtílà ni mo tàn. Ó yẹ kí n ti sùn, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lánàá kò jẹ́ kí oorun kùn mí. Mo sì mọ ara mi: bí mo bá sùn lé e, ìdajì rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Àbúrò ìyá mi ni mo lọ kí, ara rẹ̀ kò yá láti oṣù tó kọjá. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni bàbá kan ti ń gbẹ́gi lére, lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi páànù bò. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ìró àáké bàbá yìí nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi tí wọ́n kó wa lọ síbẹ̀. N kò jókòó tì í rí. Lánàá, nígbà tí àǹtí mi lo oògùn ọ̀sán tó sì sùn, mo gbé àpótí, mo lọ bá a.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ọmọ Ìbàdàn, káàbọ̀. Sún sẹ́yìn díẹ̀, kí èérún igi má bàa ta sí ọ lójú."

Igi tó wà níwájú rẹ̀ ṣì tutù. Ó ní bí igi bá ti gbẹ tán, ìyà ni yóò fi jẹ irin àti ẹni tó mú irin lọ́wọ́. Ère obìnrin kan tó kúnlẹ̀ ni bàbá ń gbẹ́, obìnrin náà pọn ọmọ, ó sì gbé igbá dání. Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi; ojú tèmi kò rí obìnrin kankan. Kókó ńlá kan wà lókè, kókó kékeré kan wà lẹ́yìn, ohun róbótó kan wà níwájú, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ bí odó. Kò sí imú, kò sí etí, kò sí ìka. Àpá àáké hàn lára rẹ̀ níbi gbogbo bí ìgbà tí ẹyẹ bá ti ṣá ìbẹ́pẹ jẹ.

Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò ṣe ojú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣá igi náà bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí i kó tó dá mi lóhùn.

"Orí kò tíì jókòó, o ní kí n la ojú. Ojú ta ni n óò là?"

Ó wá fi ìka kà á fún mi. Lílé ni àkọ́kọ́: ibi tí orí máa gbé, ibi tí ikùn máa gbé, ibi tí orúnkún máa kanlẹ̀ sí. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e: yóò tún gbogbo rẹ̀ lé, apá yóò ya kúrò lára ìhà, ọrùn yóò yọ. Dídán ló kàn: yóò dán an títí àpá àáké yóò fi parẹ́. Fífín ló kẹ́yìn: irun, ilà ojú, ìpéǹpéjú, ọnà ara igbá. Ó ní ọmọ iṣẹ́ lè bá òun dán ère, ṣùgbọ́n lílé, òun fúnra òun ni.

Mo ti ka orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí nínú ìwé rí. Fadá Kevin Carroll, àlùfáà Àgùdà tó wà nídìí ilé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ́dún 1947, ló gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn agbẹ́gilére tó sì kọ wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo rò pé ètò iṣẹ́ lásán ni, bí ẹni ń ka bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀. N kò mọ̀ pé ìdí kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi èyí tó kẹ́yìn ṣáájú.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀ ni mo tó rí i. Bàbá dìde, ó yí ère náà, ó rìn sẹ́yìn dé ìdí ọsàn, ó wò ó pẹ́. Ó padà wá jókòó.

"Ọmọ yìí ti ga jù. Kò jẹ́ ká rí ọrùn ìyá rẹ̀."

Ó gbé àáké, ó sì gé orí ọmọ náà wálẹ̀ tó ìbú ìka méjì. Èyí tó gé já bọ́ sílẹ̀, òròmọdìyẹ kan sáré wá wò ó bóyá oúnjẹ ni. Èmi tí mo ń wòran ni àyà mi já. Láti òwúrọ̀ ló ti ń lé kókó yẹn! Mo ní, "Bàbá, kò dùn yín ni?"

"Kí ló wà níbẹ̀ tó máa dùn mí? Igi ni. Ká ní mo ti di ṣùkú sí i lórí, àánú rẹ̀ ì bá ṣe mí, n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ère á sì bàjẹ́."

Bí ó ṣe sọ ọ́ báyìí, ojú ewé kìíní ìtàn mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń kọ ìtàn kan fún àwọn ọmọdé, nípa ọmọbìnrin kan tí ọkọ̀ já sílẹ̀ ní Ìwó Road nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ewé kan. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nínú ilé ìdáná ìyá àgbà ọmọ náà. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, mo fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn bí ojú: ìrì ń kán láti etí páànù bí ìgbà tí ẹnì kan ń ka owó ẹyọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ nínú ara mi pé ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ìwó Road ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ gé ìrì mi? Mo ti di ṣùkú sí i lórí.

Nínú ọkọ̀ lónìí, àwọn tí mo fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ni mo ń rò ṣáá. Ọ̀kan ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú lọ́dún 1938, òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tó wà ní British Museum báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ tó máa ń jọ mí lójú jù ni àwo kan tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn kéékèèké gbé àwo náà dúró yípo, orí ènìyàn kan sì wà láàárín wọn nísàlẹ̀, tó ń yí gbirigbiri ṣùgbọ́n tí kò lè jáde. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, fífín rẹ̀ ni mo máa ń wò. Lónìí ni mo wá rò ó pé láti ìgbà lílé ni Ọlọ́wẹ̀ ti ní láti mọ̀ pé orí kan ń bẹ nínú igi yẹn, kó tó fi ẹnikẹ́ni yí i ká. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún máa ń pe irú ìríran bẹ́ẹ̀ ní ojú inú, ó sì máa ń ka ìfarabalẹ̀ mọ́ ọn. Ìfarabalẹ̀ ni èmi kò ní. Mo ń pe ìwàǹwára mi ní àṣekára.

Ìkejì ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá níbẹ̀ gan-an. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1928, ó sì ti ń gbẹ́gi láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Síbẹ̀, nígbà tó dé Ọ̀yẹ́ tó sì rí iṣẹ́ George Bándélé, agbẹ́gilére tó jẹ́ ọmọ Àrẹógún tí òun náà jẹ́ agbẹ́gilére, ó gbà láti di ọmọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i fún bí ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gbẹ́! Ó fi ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ sílẹ̀, ó tún ara rẹ̀ lé. Ọkùnrin yìí ló wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà tó yá.

Fẹlá náà wá sí mi lọ́kàn. Ohun tí gbogbo ẹni tó lọ sí Shrine, ilé ijó rẹ̀ ní Èkó, mọ̀ ni pé yóò máa lu orin tuntun níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, yóò máa yí i padà lójú gbogbo ayé, àti pé tó bá ti gbà á sínú àwo orin, ó parí, bóyá lo máa gbọ́ ọ lórí ìtàgé mọ́. Agídí ni mo máa ń kà á sí, nítorí àwọn ènìyàn fẹ́ orin tí wọ́n mọ̀. Ní báyìí, mo rò pé àlétúnlé ló ń ṣe ní Shrine, àwo orin sì ni fífín. Ta ló ń padà lọ lé ère tó ti fín tán? Tony Allen tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nídìí ìlù tiẹ̀ dá kọ́ ara rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò ní Èkó, ó sì ń gbọ́ ìlù Max Roach àti Art Blakey, àwọn onílù jazz ará Amẹ́ríkà, lórí àwo orin. Ó gbọ́ títí, ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì wá ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìjà. Mi ò lè sọ nípa rẹ̀ tán lálẹ́ yìí, fìtílà ń jó lọ.

Nígbà tí mo délé tí mo wẹ̀, n kò ṣí kọ̀ǹpútà. Mo wá ìwé àjákọ kan tí àbúrò mi lò kù, mo gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ fi ṣú ni mo fi kọ ojú ewé méjìlá. N kò fi àmì ohùn sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ọwọ́ mi ń yún mi ṣáá láti fi sí i. Níbi tí n kò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, mo kọ "ibí ni ẹ̀rù ti bà á," mo kọjá. Níbi kan, "ìyá oníbọ̀ọ̀lì sọ nǹkan fún un" nìkan ló wà níbẹ̀. Ní ojú ewé kẹsàn-án ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ìyá oníbọ̀ọ̀lì yìí gan-an ló máa mú un délé, kì í ṣe ọlọ́pàá tí mo ti ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo pa ọlọ́pàá rẹ́. Kò dùn mí.

Ìyá àgbà, ọyẹ́, ìrì etí páànù, mo ti yọ gbogbo wọn kúrò. Èyí dùn mí.

Ọmọbìnrin náà kò tíì ní orúkọ. Ó dúró ní Ìwó Road, ọkọ̀ tó kẹ́yìn ti lọ, àpò ilé-ìwé rẹ̀ wà láyà rẹ̀. Kò tíì ní ojú.