Owó Iléèwé Ń Wọlé, Ìwé Ò Wọlé

Ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀mọ́ ìrìn-àjò, tí ẹ fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó lọ.

Ní 2024 ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kúrò ní Àkúrẹ́, ó lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílùú ọba. Ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá tipẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Gbogbo wọn ni wọn ì bá jọ lọ, àmọ́ ìjọba ibẹ̀ ní láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe irú iṣẹ́ yẹn ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì fi ìwé ìbéèrè físà tiẹ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn. Kò lẹ́nu láti sọ fáwọn ọmọ. Ó ní oṣù mẹ́fà péré, òun á wá kó wọn.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Èyí àgbà, tó wà ní SS1, ti di ẹrù lọ́kàn. Bí mo bá ní kó lọ kàwé, á ní, “Àǹtí, kí ni mo fẹ́ fi WAEC ṣe ní London?” A ó sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín o.

A ò jẹ owó iléèwé rí. Màmá wa ní Òkè-Àró ń bọ́ wọn, ó ń gbàdúrà fún wọn. Bí ọmọ bá ti wọ yunifọ́ọ̀mù jáde, lójú Màmá, ó ti kàwé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, okùn báàgì èyí àgbà já, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìjọ́kà. Mo kó ìwé inú rẹ̀ jáde kí n lè rán an. Ìwé Mátíìsì: oṣù Kẹwàá ló ti kọ nǹkan síbẹ̀ gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ oṣù Kọkànlá ti ń parí lọ. Nínú ti Báyọ́lọ́jì, ọkọ̀ òfuurufú ló yà. Mo ṣí káàdì èsì rẹ̀, mo rí ibi tí alágbàtọ́ ń fọwọ́ sí: orúkọ Màmá, pẹ̀lú síínì tó dán mọ́rán. Màmá wa tó jẹ́ pé ìka ló ń tẹ̀!

Ẹ má dá oṣù fún ọmọ tí físà rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ òótọ́, ọmọ náà sunkún, kò gbé ìpè rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé aago mélòó ni ẹ̀kọ́ àfikún ìrọ̀lẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá iléèwé, kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Láìmọ̀, nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi tí kò lọ mọ́ ni tíṣà ń pè. Ẹ má sì di èyí ru Màmá, tiẹ̀ ti tó. Ẹ fi NIN ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú, torí JAMB ò ní forúkọ sílẹ̀ fún un láìsí i. Tiwa bá fáìlì ìyá rẹ̀ wọ bàálù lọ.

“Ṣé ẹ ti jẹun?” nìkan ò tó lórí fóònù. Ní báyìí, ọmọ ń ya ojú ìwé Mátíìsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìyá rẹ̀ á wò ó bó bá sinmi díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Ìyá rẹ̀ ò mọ Mátíìsì rí, déètì ló ń wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní, “Ti Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?” Ọmọ ní àwọn ò ní Mátíìsì lọ́jọ́bọ̀. Mo dìde lọ wo táìmùtébù lára ògiri. Lóòótọ́ ni.